Òjò Tí Kò Rọ̀ Lágbàlá Télọ̀

Láràárọ̀, kí Bàbá Télọ̀ tó bọ́jú, á ti jáde sí àgbàlá lọ wo ike gbọọrọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún un pé kó máa fi wọn òjò. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá wù ló ń ṣe é. Á ka ibi tí omi dé, á kọ ọ́ sínú ìwé, á fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Lẹ́yìn náà, ilé á pa rọ́rọ́. Ìyàwó ti kú, àwọn ọmọ ti ṣí lọ, ìdáwà náà sì ń dùn ún wọ egungun.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣèèṣì tẹ òdo kan kún mẹ́rìnlá tó yẹ kó fi ránṣẹ́, ó di ogóje. Kò pẹ́ tí fóònù dún.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Láti ọ́fíìsì òjò ni. Ṣé òjò ò tíì gbé yín lọ ṣá?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ọmọbìnrin tó pè é bá a tún un ṣe, nígbà tó sì gbọ́ pé orúnkún ń dùn ún, ó béèrè bó ṣe ń ṣe é. Ta ló tún ń béèrè orúnkún télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì?

Ẹ wá wo àgbàlagbà tó fi ogójì ọdún wọn èèyàn láìṣì í wọ̀n, tó wá ń purọ́ mọ́ ojú ọ̀run! Lọ́sẹ̀ kejì, eruku ń sọ níta, òjò ńlá ń rọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Fóònù dún. Ọmọbìnrin náà béèrè, Bàbá ní òótọ́ ni. Ó tún irú irọ́ náà pa, léraléra.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lòjò ń rọ̀ fún ládùúgbò yín. Àwọn àgbẹ̀ la fẹ́ fi í gbà nímọ̀ràn o."

"Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ máa gbọ́."

Ọmọbìnrin náà ní: "Ẹ gbé ìwé yín, ká jọ fagi lé àwọn tí kì í ṣòótọ́. Tá a bá parí, ẹlòmíì la máa gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ má bínú, Bàbá."

Wọ́n jọ ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, láti ojú ewé dé ojú ewé. Wákàtí kan kọjá. Bàbá ò tíì bá èèyàn sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

"Ó ti tán, àbí?" ni ọmọbìnrin náà béèrè.

Bàbá wo ìwé. Gbogbo èyí tó kù jẹ́ òjò tòótọ́, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n.

"Kò tíì tán," ló wí, ó sì ka ọ̀kan nínú wọn fún un pé kó fagi lé e.