Orúkọ Tí Mo Kánjú Kọ

Èmi, Dougal Petrie, ni mo máa ń kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sára pátákó ní gbọ̀ngán yunifásítì ìlú wa, létí òkun ní Skọ́tílándì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Mo kàn ń wo ọwọ́ àgbàlagbà kan tó ń kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ni, títí mo fi mọ̀ ọ́n. Wúrà tí a fi ń kọ ọ́ fẹ́lẹ́ ju ìyẹ́ eṣinṣin lọ. Wàá kọ́kọ́ fi òróró kọ lẹ́tà náà, wàá dúró títí yóò fi ku díẹ̀ kó gbẹ, nígbà tí kò ní tutù mọ́ ìka ṣùgbọ́n tó ṣì ń lẹ̀. Wàá fi búrọ́ọ̀ṣì pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kó lè mú ọ̀rá díẹ̀, ọ̀rá yẹn ni yóò gbé wúrà náà. Bí o bá mí sí i, ó ti fò lọ.

Pátákó yẹn ní òfin kan tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. A kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ àfi ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sínú ìwé ńlá yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rú u.

Miss Euphemia Kinnear ló fà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe dókítà ní Giyana, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, fún ọgbọ̀n ọdún, ibẹ̀ ló sì kú sí. Nígbà tí ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀, arúgbó yìí fi ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí yunifásítì máa fi ran àwọn ọmọ ilẹ̀ òkè òkun tí ọba wa ń ṣàkóso lọ́wọ́ láti kàwé, ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, fún ọdún mẹ́rin. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ni Eustace Thorne, ọmọ Giyana, tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Wọ́n kọ lẹ́tà pé ó ti wọkọ̀ ojú omi. Àìsàn Miss Kinnear ti le nígbà náà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi ojú òun rí orúkọ ọmọ náà. Mo kọ ọ́. Wọ́n fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì í wá, ó wò ó pẹ́, ó sì kú ní ọjọ́ kẹrin.

Ọ̀sẹ̀ kejì la gbọ́ pé àwọn ará Jámánì ti ri ọkọ̀ Thorne sínú òkun.

Láti ìgbà náà ni gbọ̀ngán yẹn ti yí padà. Ní ọjọ́ tí kíláàsì ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, olùkọ́ tí kò tíì gbọ́ ìròyìn pe orúkọ Thorne, ohùn kan sì dáhùn láti ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n wẹ̀yìn, àga ṣófo. Èmi ò sí níbẹ̀, ẹni mẹ́ta ló sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Màmá Geddes tó ń gbálẹ̀ kò gbá abẹ́ pátákó náà mọ́. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, bí ìgbà tí ẹni tó wẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọdún méjì kọjá. Wọ́n wá rí ẹlòmíràn mú, Millicent Cudjoe, ọmọ Trinidad, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Liverpool. Bí kò bá forúkọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Friday, ilé ìwòsàn rẹ̀ kò ní fi í sílẹ̀ mọ́ títí ogun yóò fi parí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Lumsden, akọ̀wé àgbà, ní ipò náà kò ṣófo. Ìwé tí Miss Kinnear fi fún yunifásítì ní ilé rẹ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò kúrò bó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, bó bá kọ̀wé fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tàbí bí wọ́n bá lé e. Kò sẹ́ni tó rántí kọ ikú síbẹ̀.

“Orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó, Petrie,” ó sọ fún mi. “Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni. Òkú ò lè kọ̀wé fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, a ò sì lè lé e.”

Mo ní kó ṣí ìwé ńlá náà. Ó ṣí i. Thorne kò sí níbẹ̀.

“Kí ló wá gbé orúkọ ẹ̀ dé ara pátákó?”

“Èmi ni, sà. Mo kánjú.”

“Ó yẹ kí n lé ẹ.”

“Ẹ lè lé mi, sà. Èmi ṣì wà láàyè.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní bí n bá pa orúkọ náà rẹ́, a jẹ́ pé Thorne kò gba ipò náà rí.

Ọ̀sán Wednesday ni mo gun àkàbà. Màmá Geddes dì í mú fún mi. Mo fi abẹ họ wúrà náà díẹ̀díẹ̀, kí n má baà gún igi.

“Tí Thorne bá bi ẹ́ pé kí lòun ṣe, kí lo máa sọ?” ó bi mí láti ìsàlẹ̀.

“Màá ní ọmọbìnrin kan ń dúró.”

“Òun náà ti ń dúró, Dougal.”

Wúrà tán, àmọ́ oòrùn ti mú kí igi tó yí i ká dúdú sí i, abẹ́ wúrà sì funfun bí ọjọ́ tí wọ́n là á. Mo fi yanrìn ha á títí apá fi ro mí. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì lè kà á.

Cudjoe dé ní Thursday, ó kọ orúkọ sínú ìwé, mo sì kọ tirẹ̀ sójú kan náà, torí ìlà ibẹ̀ ló kàn. Ó di dókítà tó dára.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e ni lẹ́tà dé láti Giyana, lọ́wọ́ ìyá Thorne. Lọ́yà Miss Kinnear ti sọ fún un pé orúkọ ọmọ rẹ̀ wà ní gbọ̀ngán wa. Ó ní níwọ̀n bí kò ti sí sàréè, kí a jọ̀ọ́ ya fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí òun.

Lumsden ní kí n má dáhùn. Mo dáhùn. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ orúkọ náà, èmi náà ni mo pa á rẹ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, mo ka gbogbo lẹ́tà orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ṣì hàn lára pátákó fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò kọ nǹkan kan padà. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá kó lẹ́tà dé, èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń wò wọ́n.