Karahun Tí Ohùn Àwẹ̀ró Wà Nínú Rẹ̀

Ní ayé ìgbà tí àpáta ṣì ń dáhùn bí a bá kí i, ìlú ẹranko kan wà lẹ́bàá odò ńlá. Ẹfọ̀n ni ọba wọn. Ìwo rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í yá. Ìlú náà létò: ẹni tí ń jẹ koríko mọ ibi tirẹ̀, ẹni tí ń jẹ ẹran mọ ààlà rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń wọ ihò ẹlòmíì láì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun kan wà tí ìlú náà ní tí ìlú mìíràn kò ní. Ihò àpáta kan ni. Ihò náà gùn, ó gba abẹ́ odò kọjá, ó ní ẹnu níhìn-ín, ó sì ní ẹnu lọ́hùn-ún, nínú ọ̀dàn tí àwọn ọmọ wọn ń lọ wá oúnjẹ. Bí ìyá bá dúró sí ẹnu tibí tó sọ̀rọ̀, ọmọ yóò gbọ́ ọ ní ẹnu tọ̀hún. Àwọn Àdán ló ni ihò náà. Wọn kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí gbogbo ayé wá máa sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ẹranko sì ń dúpẹ́. Àwọn àgbà ti máa ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ gbogbo; ṣùgbọ́n ta ni í rántí òwe nígbà tó bá ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀?

Òkété kan wà nínú ìlú yìí. Opó ni, irun imú rẹ̀ ti funfun. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmọ kan ṣoṣo ni tirẹ̀, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ó sì ti rékọjá odò lọ sí ọ̀dàn. Ní àràárọ̀ ni ìyá yìí ń lọ sẹ́nu ihò, Àwẹ̀ró á sì kí i láti ọ̀hún wá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í tó nǹkan: ẹsẹ̀ tó ń dunni, ẹyìn tó ti pọ́n, òjò tó rọ̀ àti èyí tó kọ̀ tí kò rọ̀. Ní ọdún kan, nígbà ọyẹ́, iná jó ọ̀dàn. Láti ọjọ́ náà, ohùn Àwẹ̀ró kò wá mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ará ìlú fi bá a kẹ́dùn. Ní ọjọ́ kẹrin, oníkálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí koríko fi hù dí ẹnu ọ̀nà Òkété, nítorí kò sí ẹsẹ̀ tí ń tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, kò dẹ́kun àtimáa lọ sẹ́nu ihò. Lọ́jọ́ mìíràn, á pe Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan, á pè é lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn mí kanlẹ̀, á yí padà. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé lọ́jọ́ tó bá mí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń ta ẹyìn á ti jókòó dè é ní oríta, á ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹyìn yìí ń lé ìbànújẹ́ lọ o." Òkété á rà á. Ó rò pé àánú òun ló ń ṣe é.

Nígbà tó ṣe, Olórí Àdán kéde pé ihò ti kún, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nínú rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń kù síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ti sọ̀rọ̀ láti ọyẹ́ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn yóò gbá ohùn rẹ̀ dànù bí oṣù tuntun bá lé. Òkété fi ìka kà á: ọyẹ́ mẹ́ta gééré ni. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ó tọ Akíka lọ, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Akíka kì í sọ̀rọ̀ nínú ihò àwọn Àdán rárá, bí àlejò bá sì sún mọ́ ọn, á ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká. Nígbà tó rí i pé Òkété ni, ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, òfin kan wà tí baba Ẹfọ̀n ṣe, tí àwọn Àdán kì í pariwo rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tirẹ̀, dandan ni kí wọ́n dì í fún un. Ẹnu ara rẹ ni kí o fi béèrè, má rán ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni kí o fi gbé e délé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn Àwẹ̀ró nìkan ló máa wà nínú ẹrù náà. Gbogbo ohun tí o sọ, àti gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún ọ ni. Dá gbọ́ ọ títí délẹ̀ kí ẹlòmíì tó fetí kàn án. Ẹyin lohùn."

Òkété dúpẹ́ dúpẹ́. Ohùn Àwẹ̀ró ló gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìyókù gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Nígbà tó dé ẹnu ihò, àwọn Àdán gbóòórùn rẹ̀ láti orí dé ìrù, kí alárèékérekè má baà fi orúkọ rẹ̀ gba ẹrù. Wọ́n bi í ní ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn nínú ihò kí iná tó jó ọ̀dàn. Ó ní òun sọ fún un pé kó má fi ebi sùn. Wọ́n wò ó sí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ó bára mu. Wọ́n ní kó padà wá ní ọjọ́ keje.

Ní ọjọ́ keje, wọ́n gbé karahun ìgbín kan fún un, ńlá, wọ́n fi ìda oyin dí i lẹ́nu. Wọ́n ní bó bá ṣí ìda náà tó fi etí kàn án, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá sì tún dí i, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó ṣọ́ ọ, nítorí karahun kò mọ olóhun yàtọ̀ sí olè.

Ó gbé e wálé, ó wọ inú ihò rẹ̀ lọ, ó fi etí kàn án. Ikọ́ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn kan dé, tútù bí omi àmù: "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó yára dí karahun náà. Ọkàn rẹ̀ kò lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún ṣí i, ó tún gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó tún dí i. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń ṣe èyí, kò sì kọjá ibẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ kì í pamọ́ nínú ìlú. Wọ́n gbọ́ pé Òkété ní karahun tó ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ keje, àlejò dé. Àwọn tí kò yọjú láti ọyẹ́ mẹ́ta wá, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n tẹ koríko mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn mú iṣu dání. Ilé gbóná. Wọ́n ń pe orúkọ Àwẹ̀ró, wọ́n ń rántí bó ṣe máa ń fò nígbà tó wà ní kékeré. Inú Òkété dùn púpọ̀. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn náà gbọ́ ohùn ọmọ yìí. Àbí èwo ni kó ṣe? Ó ṣí ìda, ó gbé karahun fún ẹni àkọ́kọ́, ẹni àkọ́kọ́ gbé e fún ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ ká máa dí i. Karahun ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ọdún kan lé ọ̀rọ̀ ọdún kejì. Àwọn àlejò ti ń jẹun, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìkookò ló gbà á kẹ́yìn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé etí lé e, kò ṣẹ́jú. Òkété wò ó, ó rò pé ẹkún ló ń sun. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé karahun náà padà fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ ti ṣe mí lóore."

Ẹtu, aládùúgbò Òkété, nìkan ni kò wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni, ó sì fi wọ́n pamọ́. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tó ń jẹko lọ́hùn-ún odò, ó ti sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí Òkété gba inú ihò pé bí òun kò bá tètè dé, kó bá òun yọjú wo àwọn ọmọ náà lábẹ́ gbòǹgbò igi àràbà tó wó. Òkété kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan rí. Ó gbà pé inú òun nìkan ló wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlú gbọ́ igbe Ẹtu. Ìkookò ti dé abẹ́ àràbà. Ọmọ kan sá bọ́. Wọn kò rí èkejì.

Òkété wọ ihò rẹ̀ lọ, ó fetí kan karahun, ó sì gbọ́ ọ délẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbọ́ Àwẹ̀ró. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń pe Àwẹ̀ró. Ó gbọ́ ìmí ẹ̀dùn rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ọjọ́, àwọn ọjọ́ tó rò pé òun kò sọ nǹkan kan. Ní ìparí, ó gbọ́ Ẹtu.

Ọba pe ìgbìmọ̀. Ó bi Ìkookò ẹni tó júwe ọ̀nà fún un.

Ìkookò ní, "Kábíyèsí, Òkété ni. Èmi ò jalè. Ó gbé e kalẹ̀ bí oúnjẹ àlejò, mo sì jẹ."

Olórí Àdán ní ọwọ́ àwọn mọ́. Olóhun béèrè ohun rẹ̀, àwọn fún un gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí karahun ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, ẹjọ́ olóhun ni.

Òkété dìde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Kábíyèsí, mo jẹ̀bi. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́. Ilé mi ló dá, mo sì fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ra èrò. N kò bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi àwọn Àdán léèrè. Ẹ̀dà ni wọ́n fún mi. Ojúlówó ọ̀rọ̀ tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Oṣù tuntun ti lé, wọ́n ti gbá ohùn ọmọ mi dànù, wọ́n ní ihò kún. Báwo ni ihò tó kún ṣe rí àyè fún ìmí ẹ̀dùn mi? Ta ni wọ́n ń kó o pamọ́ fún?"

Ìgbìmọ̀ wò yíká. Wọ́n rí i pé Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ọba ní kó dúró. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé àwọn Àdán ló máa ń ta òun lólobó ẹni tó bá mí kanlẹ̀, tí òun sì ń fi èso san án fún wọn.

Ẹfọ̀n dá ẹjọ́. Ó lé Ìkookò kọjá òkè. Ó pàṣẹ pé láti òní lọ, ẹni tó bá ní kí àwọn Àdán gbá ohùn òun dànù, kí wọ́n gbá a lójú rẹ̀. Ìmí ẹ̀dùn ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ di ọjà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ẹtu. Ó ní, "Ohùn rẹ wà nínú karahun yìí. Bí o bá ní ká fọ́ ọ, a ó fọ́ ọ."

Ẹtu gbé karahun náà. Ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Òkété kò wo ojú rẹ̀. Karahun ló ń wò.

Ẹtu ní, "Ọmọ tèmi kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kò sí karahun tó ní ohùn rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí kí ìyá máa wá ohùn kiri, n kò ní fọ́ ọ. Ẹ máa gbé e lọ, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ má kí mi mọ́."

Òkété kò sì kí i mọ́ títí ayé. Koríko tún hù dí ẹnu ọ̀nà. Òkété ní ẹnu ihò méjì gẹ́gẹ́ bí ìran rẹ̀. Ó rọ́ amọ̀ dí ọ̀kan pa. Ó ri karahun náà sínú ilẹ̀ lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, a sì máa hú u jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tó bá ti wo ìta tí kò rí ẹnikẹ́ni. Kò lọ sẹ́nu ihò àpáta mọ́.

"Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Láyé ọjọ́sí, nígbà tí gbogbo etí wà lẹ́nu ihò, ohun tó máa ń dáhùn ni pé òun ti jẹun, òun ti yó, kí ọmọ má ṣèyọnu. Báyìí, ó gbé ẹnu sún mọ́ karahun náà.

Ó ní, "N kò tíì jẹun, Àwẹ̀ró. Kò wù mí í jẹ."

Kò sí ẹni tó kó ìdáhùn yẹn pamọ́. Nígbà tó sì jáde sí oríta, kò sí ẹni tó jókòó dè é.