Òkúta Ìrántí Tó Ṣípò

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ bí ló jogún iṣẹ́ òkúta gbígbẹ́, torí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní eruku ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Eruku kò dí òun lọ́wọ́. Tó bá ti so aṣọ mọ́ imú, tó mú òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣísẹ́lì lọ́wọ́ òsì, ó digbà tí ebi bá pa á kó tó rántí pé ọjọ́ ti ń lọ. Agbẹ́kùúta ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ibi àtijọ́ rán an lọ sí pápá tí wọ́n ti ja ogun ńlá kan láyé àwọn baba ńlá. Òkúta ìrántí wà níbẹ̀, òjò sì ti fọ lẹ́tà ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kó tún àwọn lẹ́tà náà gbẹ́ kí wọ́n jinlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí kúrò nísàlẹ̀ òkúta, ó rí ìlà kan tí kò sẹ́ni tó ń rí i kà mọ́. Ó ní ogún ìṣísẹ̀ péré sí etí odò, níbi tí òkúta yẹn dúró sí, ni wọ́n sin àwọn tó kú sí. Agbẹ́kùúta gbójú sókè. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí odò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ó ka irínwó kó tó dé etí omi. Àárín àpáta sì ni odò náà ń gbà kọjá, kò ríbi yà sí.

Ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti opó àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Elédìẹ. Agbẹ́kùúta kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi í bóyá òkúta náà ti fìgbà kan wà níbòmíràn. Ìyá ní oòrùn ọjọ́ náà mú. Ó tún bi í. Ìyá ní adìẹ òun kan kò yé ẹyin láti ìjẹta. Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá wá àpótí, ó jókòó.

“Ọkọ mi ló gbé e kúrò,” ó ní. “Àwọn tó ń wá wò ó ń tẹ àgbàdo wa mọ́lẹ̀. Ó ní òkú ò lè kú lẹ́ẹ̀kejì, àgbàdo ló máa kú.”

Katakata oko ni bàbá náà fi wọ́ òkúta ọ̀hún lọ sókè, ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìpìlẹ̀ tó jókòó lé kò ṣeé gbé, ni wọ́n bá fi ẹrẹ̀ bò ó, wọ́n kọ́ ilé adìẹ lé e lórí. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ń gbé òdòdó wá lọ́dọọdún, wọ́n ń sunkún lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Ìyá a máa wò wọ́n lójú fèrèsé, ẹ̀rín a pa á, ojú a sì tún tì í. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé ìjọba lè lé e kúrò nílé. Ó bẹ Agbẹ́kùúta kó kúkú fi ṣísẹ́lì pa ìlà náà rẹ́. Ta ló máa mọ̀?

Agbẹ́kùúta kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ó délé, ó ro ẹjọ́ fún bàbá rẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Irọ́ ẹnu, atẹ́gùn á gbé e lọ,” ó ní. “Ti orí òkúta ńkọ́? Ọmọ ọmọ ẹ á bá a níbẹ̀. Lọ sọ ọ́, àmọ́ kọ́kọ́ gba ilé ìyá yẹn sílẹ̀ ná.”

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ó lọ bá ọ̀gá ọ́fíìsì, ọkùnrin tó fẹ́ràn bàtà dídán àti ọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní ìròyìn ńlá wà lẹ́nu òun, àmọ́ kí ọ̀gá kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé wọn ò ní lé opó kankan nílé. Ọ̀gá sáré fọwọ́ sí i, ó rò pé wúrà ni wọ́n hú jáde. Nígbà tó gbọ́ pé ọdún mọ́kànlá lòun ti ń sọ̀rọ̀ ìwúrí níbi tí kò sí òkú kankan, ó wá àga fìdí lé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ilé adìẹ kúrò. Adìẹ fọ́n káàkiri, ọ̀kan tilẹ̀ dúró lórí bàtà dídán yẹn. Agbẹ́kùúta ha ẹrẹ̀ orí ìpìlẹ̀, ó da omi sí i, ni lẹ́tà bá yọ. Orúkọ mẹ́tàlélógún ni, ti ìhà ìhín odò àti ti ìhà ọ̀hún, wọ́n pò wọ́n pọ̀ láìya ọ̀tá sọ́tọ̀. Òjò kò rí wọn pa rẹ́, wọ́n mú bíi pé àná ni wọ́n gbẹ́ wọn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kà wọ́n sókè níkọ̀ọ̀kan, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Agbẹ́kùúta ní ọjọ́ yẹn lòun kọ́kọ́ gba tiẹ̀.

Ọkọ̀ ńlá gbé òkúta padà sáyè rẹ̀, àwọn adìẹ sì kó lọ sókè, síbi tí òkúta fi sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà àgbà obìnrin kan sọdá odò wá, torí ó gbọ́ ìròyìn. Ó rí orúkọ baba ńlá rẹ̀, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà náà. Ìyá Elédìẹ gbé àpótí fún un, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó bi í. Ó ń retí èébú.

“Ìyá, ogójì ọdún lẹ fi ń bá baba ńlá wa sọ̀rọ̀ láràárọ̀, nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń pe adìẹ wá jẹun,” tíṣà ní. “Àwa ọmọ rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ ibi tó wà.”

Ìyá yí padà sílé. Ó wọlé, ó di ẹyin mẹ́fà sínú ìwé ìròyìn, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi yẹ̀, tí wọ́n ń sọ ti orúnkún tó ń dunni àti ti ọmọ tí kì í pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí tíṣà fẹ́ máa lọ, ìyá sìn ín dé etí odò, ó ní kó má pẹ́ kó tó padà wá.