Etíkun Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: òpùrọ́ ni mí. Kì í ṣe irọ́ olè o, kì í ṣe irọ́ ọ̀dàlẹ̀. Irọ́ ìgbafẹ́ ni tèmi, òun náà sì ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ayọ̀kànmí lorúkọ tí bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n ní gáréèjì wa ní Jíbówú, tẹ́ ẹ bá bèèrè Ayọ̀kànmí, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bèèrè Àsọ̀dùn. Ajá gáréèjì gan-an á mú yín dé ọ̀dọ̀ mi.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe rèé. Ọkọ̀ tó ń lọ sókè kì í gbéra àfi tó bá kún. Èrò tó kọ́kọ́ wọlé lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta kí ẹni ìkẹyìn tó dé. Inú á máa bí i, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ àwọn tó ń bá wa díje lódìkejì títì. Ìdí nìyẹn tí Alhaji Tìrìmísíyù, ọ̀gá wa, fi gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, tí mò ń sọ ìtàn fún àwọn èrò kí ìdí wọn lè jókòó. Jẹ́ẹ́sì tú ni mo kàwé dé. Èmi ò kọ ìwé sílẹ̀ o, ìwé ló kọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ohùn tí Ọlọ́run fún mi, tí mo bá sín ní Mushin, ẹni tó ń rajà ní Sábó á ní "pẹ̀lẹ́ o".

Iṣẹ́ yìí dùn tẹ́lẹ̀. Àmọ́ èrò ayé ìsinsìnyí, ẹ gbà mí! Kò sí sùúrù lára wọn mọ́. Fóònù ti bà wọ́n jẹ́. Ó ti mọ́ wọn lára kí wọ́n fi àtàǹpàkò ti ohun tí ò bá dùn mọ́ wọn sókè kí òmíì yọ. Tí mo bá dúró níwájú wọn, mà á rí i tí àtàǹpàkò wọn ń yún wọn.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan báyìí, mò ń sọ ìtàn ọdẹ kan tó fi ìpàkọ́ pa erin. Erin ò tíì jáde nínú igbó tí ọ̀gbẹ́ni kan fi pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ síbi tó parí sí, ẹ jọ̀ọ́!"

Ẹlòmíì ní, "Parí kẹ̀? Kó kúkú dákẹ́ ni!"

Obìnrin kan ju èèpo ẹ̀pà lù mí. Bàbá kan ní ká ní ìtàn ń pààyàn ni, ọlọ́pàá ì bá ti gbé mi. Kí n tó mọ̀, èrò méje ti sọ̀ kalẹ̀. Méje! Mo délé, mo tẹ́ aṣọ ìbora sílẹ̀ sùn lé, mo fi ibùsùn bora. Omijé mi pọ̀ débi pé onílé wá kanlẹ̀kùn, ó ní kí n ṣàlàyé ibi tí mo ti rí omi nígbà tí ẹ̀rọ ò yọ omi láti ọjọ́ mẹ́ta.

Láàárọ̀ Móńdè, Alhaji pè mí sábẹ́ agbòjò rẹ̀.

"Àsọ̀dùn."

"Sà!"

"Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ń gbà. Mẹ́jọ ti wà níbẹ̀. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn kí ọkọ̀ tó kún, má wulẹ̀ wá kí mi pé ó dàbọ̀. Máa lọ sílé."

"Alhaji, ẹnì kan ṣoṣo? Tó bá wá fẹ́ tọ̀ ńkọ́?"

"Kó tọ̀ sí bàtà ẹ."

Mo wá ronú ọgbọ́n kan. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Gbádé, òun ni èrò ayédèrú gáréèjì wa. Tí ẹ ò bá mọ èrò ayédèrú, a jẹ́ pé ẹ ò wọ ọkọ̀ rí. Òun ni ẹni tó máa wọlé, tó máa gbé báàgì lé itan, tó máa ṣe bí arìnrìn-àjò, kí ojú lè rí i pé ọkọ̀ ti ń kún. Tí ojúlówó èrò bá dé, á rọra bọ́ọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra omi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Gbádé ti ń rìnrìn-àjò lọ sí Ìlọrin, Òṣogbo àti Àkúrẹ́. Kò kúrò ní Jíbówú rí.

Mo ní, "Gbádé, iṣẹ́ méjì lo máa ṣe lónìí. Tó o bá ti rí i tí mo fọwọ́ kan fìlà mi, rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín máa ń ran èèyàn."

"Ẹ̀rín wo? Ti olówó àbí ti tálákà?"

"Ti ẹni tó jogún ilé alájà mẹ́ta."

"Ó ti yé mi."

Gbádé gbé báàgì rẹ̀ wọlé lọ jókòó sẹ́yìn, èmi náà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Oòrùn ọjọ́ yẹn mú débi pé òjìji mi fi mí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ jókòó. Mo bojú wo inú ọkọ̀. Màmá Basheerah ló wà níjòókòó tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ìlẹ̀kẹ̀ ni màmá yìí ń tà ní Sábó, ó sì máa ń lọ sílé lóṣooṣù. Kò sí oṣù tó wọ ọkọ̀ wa tí kò bú mi.

"Ìwọ náà nìyí?" ló fi kí mi.

"Èmi náà ni, Màmá. Ẹ kú ìjókòó."

"Ta ní ń pa àlọ́ lọ́sàn-án gangan? O ò lẹ́bí ni?"

"Ìtàn ni, Màmá, kì í ṣe àlọ́."

"Irọ́ ni!" Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ o.

Ètò mi ni pé kí n kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kí n pa wọ́n lẹ́kún, torí ẹni tó ń sunkún kì í ráyè sọ̀ kalẹ̀. Apá àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Mo fọwọ́ kan fìlà, Gbádé bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjì tẹ̀ lé e. Mo wá rẹ ohùn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìyá kan tó wà lórí àìsàn, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jókòó tì í.

"Ìyá yìí di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, 'Ọmọ mi, ilẹ̀ ti ń ṣú fún mi o…'"

Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ti mú áńkáṣíìfù jáde. Mo ní ó ti bọ́ sí i! Ibẹ̀ ni òógùn ti yọ́ wá láti abẹ́ fìlà mi, ó ń wọ̀ mí lójú. Ọwọ́ mi bá gòkè lọ nù ún.

"Kàkàkà! Kíkíkí!" Gbádé ló bú jáde báyẹn. Ó ń fi ọwọ́ gbá ìjókòó iwájú rẹ̀. "Yéè, ìyá ń kú lọ! Ẹ gbà mí o! Kàkàkà!"

Màmá Basheerah rọra yíjú sẹ́yìn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé orí ẹ pé? Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbi tí abiyamọ ti ń kú?"

Gbádé ò mọ irọ́ pa tó mi. Ó ní, "Ó fọwọ́ kan fìlà ni, mà."

"Fìlà wo?"

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Habeeb, tó ń kàwé ní Yaba, ló jókòó ti Gbádé. Ó gbé báàgì tó wà lórí itan Gbádé, ó mì í. "Báàgì yìí ò wúwo rárá." Ó fa síípù rẹ̀ sílẹ̀. Báàgì míì ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣí ìyẹn náà. Láílọ́ọ̀nù ló wà níbẹ̀.

"Èrò ayédèrú ni!"

Bí wọ́n ṣe ti Gbádé jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan àtẹ̀gùn. Wọ́n bá kọjú sí mi. Ẹnì kan ní oníjìbìtì ni wá. Ẹlòmíì ní kí gbogbo wọn kúkú sọ̀ kalẹ̀. Màmá Basheerah dìde, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ọkàn mi sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ yẹn, mo rí i pé iṣẹ́ mi ló wọ sálúbàtà.

"Màmá, ẹ dúró! Ọmọ ìlú yín ni mí! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí!"

Ẹsẹ̀ dúró. "Ìwọ?"

"Ọmọ ibẹ̀ ni bàbá mi, Màmá!"

Òtítọ́ nìyẹn o. Ohun tí mi ò fi kún un ni pé Mushin ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì kúrò l'Ékòó lọ síbì kankan rí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ṣáájú mi lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlú wa fún wọn. Ta ní dà bíi wa? Láfẹ̀mọ́júmọ́, tí Aláàfin Ògbómọ̀ṣọ́ bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin…"

"Ta?"

"…tí Kábíyèsí bá nawọ́ sí etíkun, tí àwọn apẹja ń ju àwọ̀n…"

"Etí kí ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Èkó ni mí. Mo rò pé ibi tí ìlú bá wà, omi ńlá gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Àbí níbo ni wọ́n á ti máa rí ẹja jẹ?

Ariwo tó sọ nínú ọkọ̀ yẹn, èkúté tó wà nínú ẹ́ńjìnì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Màmá Basheerah padà lọ jókòó, torí irú èébú tó fẹ́ bú mi ò ṣeé bú lóòró.

"Ṣọ̀ún! Ṣọ̀ún lọba wa, ìwọ olórí àgbá òfìfo yìí! Aláàfin, Ọ̀yọ́ ló wà! Ta ló bí ọ?"

Habeeb ní, "Etíkun! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbẹ́ ẹ ni?"

Ọmọbìnrin tó mú áńkáṣíìfù dání ní, "Máńgòrò la ní níbẹ̀, kì í ṣe ẹja."

Bàbá kan lẹ́yìn dá a lóhùn: "Máńgòrò kẹ̀? Káṣú ńkọ́?"

"Bàbá, máńgòrò ló ṣáájú!"

"Ìwọ tí wọ́n bí lánàá! Káṣú ni mo sọ!"

Mo wò yí ká. Ojú ẹnì kankan ò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo bá da epo sí i: "Ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi lẹ fi ń ná ọjà Tákíè ni?"

"Háààà!"

Àwọn tó ń kọjá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Ẹnì kan ló ní òkun wà ní Ògbómọ̀ṣọ́!"

"Dà á? Ibẹ̀ lọkọ̀ yín ń lọ? Ẹ sún fún mi, ẹ jẹ́ n jókòó kí n bú u dáadáa!"

Wúńdíá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn tó ń bá wa díje, ó sáré sọdá títì pẹ̀lú ẹrù lórí. Tọkọtaya kan wọlé tẹ̀ lé e, ọkọ ń bú mi, ìyàwó ń bá a gbè é. Mẹ́jọ di mẹ́sàn-án, ó di mọ́kànlá, ó di mẹ́tàlá.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Láti Tọ́sìdé ni mo ti ń sunkún pé wọ́n ń bú mi, mi ò wò ó pé iṣẹ́ ni ẹni tó ń búni ń ṣe, àti pé kò sẹ́ni tó ń fi iṣẹ́ tó dùn mọ́ ọn sílẹ̀ láàárín. Ó ń dùn mí o, ẹ má rò pé awọ erin ni mo dà bora. Ti àgbá òfìfo yẹn wọ̀ mí lára dé egungun. Àmọ́ èébú tó wọ̀ mí lára yìí ló so wọ́n mọ́ ìjókòó, mo bá ní kó máa wọlé.

Ó wá ku ẹyọ ẹnì kan. Ẹni yẹn ò dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Èébú tutù lẹ́nu wọn. Àwọn onímáńgòrò àti oníkáṣú ti parí ìjà. Màmá Basheerah wo aago, ó mí kanlẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí ò lọ. Mò ń sọ̀ kalẹ̀."

Alhaji dìde lábẹ́ agbòjò, ó ń wò mí. Mo wá irọ́ nínú mi, mi ò rí i. Mo wá a nísàlẹ̀ ikùn, mo wá a nínú ìrántí ọ̀rúndún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti tán pátápátá. Òtítọ́ nìkan ló kù, òun ló sì jáde.

"Màmá, mi ò débẹ̀ rí."

"O ní kí ni?"

"Mi ò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Bàbá mi kú kó tó mú mi délé. Orúkọ ìlú yẹn nìkan ni mo mọ̀. Gbogbo ohun tó kù, èmi ni mo fi ẹnu gbẹ́ ẹ."

Màmá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mọ́kàndínlógójì, mà."

"Ọdún mọ́kàndínlógójì! O ò délé, o wá dúró sí Jíbówú, o ń fi ẹnu játijàti ju òkun sílùú wa!" Ó nawọ́ sí ìjókòó tó ṣófo. "Wọlé."

"Mà?"

"Mo ní kó o wọlé! Òní ni wàá fi ojú ara ẹ wá etíkun yẹn. Tó ò bá rí i, wàá dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo Tákíè, ẹnì kọ̀ọ̀kan!"

"Kó wọlé! Kó wọlé!" Habeeb ti fa ẹ̀wù mi. Wúńdíá yẹn ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí lẹ́yìn.

"Alhaji, ẹ gbà mí! Wọ́n ń jí mi gbé!"

Alhaji rọra ń nàka sí orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí mi. Eyín rẹ̀ yọ.

"Mẹ́rìnlá. Ọkọ̀ kún. Dírébà, ó yá!"

"Alhaji, mi ò mú owó ọkọ̀ dání!"

"Ta ló bi ọ́ léèrè? Ẹnì kankan ò sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ ẹ ṣì wà ńbẹ̀. Lọ kí àwọn èèyàn bàbá ẹ. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ti Iléṣà ni wàá dúró tì. Ronú ohun tó o máa bà jẹ́ níbẹ̀."

Bí mo ṣe di arìnrìn-àjò nìyẹn, pẹ̀lú sílípáàsì àti ẹ̀wù ọjọ́ iṣẹ́. Ọkọ̀ gbéra. Mo ń wo fèrèsé. Màmá Basheerah fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà.

"Kí ló pa ẹ́ lẹ́nu mọ́? Ibi tá à ń lọ jìnnà."

"Ẹ ní mi ò mọ ìtàn sọ, Màmá."

"O ò mọ̀ ọ́n sọ. Ìsọkúsọ yẹn náà ni kó o sọ, ká lè rí nǹkan bá ọ wí."

Mo wú ikọ́. Mo gbé ohùn sókè. "Ní ìlú kan báyìí, ìbejì mẹ́ta kan wà…"

"Ìbejì mélòó?"

Gbogbo ọkọ̀ pariwo lé mi lórí, títí kan dírébà. Mo dúró kí wọ́n bú mi tán, mo sì ń bá ìtàn mi lọ.