Ìlà Tó Wà Lára Ìgò Kejì

Ìgò méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni ayé rí. Èkejì wà nínú bàtà òjò àtijọ́ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọkọ oníbúrẹ́dì gbé e pamọ́ sí, tí kò sì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí kò sí ohun tí kì í rọra ṣe. Tó bá fẹ́ sọdá títì, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò tún wo òkè, bí ẹni pé mọ́tò lè já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìyàwó rẹ̀ ni ayára-bí-àṣá. Òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Bàbá Sípánà, àgbà mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ òpópónà, ló bá a so ẹ́ńjìnnì kékeré kan mọ́ kẹ̀kẹ́ náà, èyí tó ń dún bí agbọ́n inú agolo.

Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Inú bẹntiróòlù gan-an ni wọ́n ń pò ó mọ́, kí àwọn méjèèjì tó jọ wọ táńkì. Nítorí náà ni Bàbá Sípánà ṣe mú ìgò ike kan, tó fi ìṣó gbígbóná fa ìlà sí i lára. Ó ní, "Ọ́ìlì dé ibí, bẹntiróòlù dé ọrùn, kí o mì ín dáadáa." Rọra ni wọ́n fi iṣẹ́ pípò náà lé lọ́wọ́. Ta ni ìbá tún fi í lé, nígbà tó jẹ́ pé òun ni kì í ṣàṣìṣe?

Àfi ọjọ́ tó dé ilé ọlọ́ìlì, tí wọ́n ní ọ́ìlì aláwọ̀ ewé tó máa ń rà ti tán.

"Òmíràn wà," ni ọlọ́ìlì wí. "Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Ìgò mẹ́fà ló wà lórí pákó. Lẹ́tà ara wọn kéré bí ẹyin iná orí. Rọra mọ̀wé díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun lójú. Ènìyàn mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan pòṣé. Òógùn bo Rọra. Ó mú ìgò kọ̀ọ̀kan, ó dà á dọ̀bálẹ̀, ó ń wo bí ọ́ìlì inú rẹ̀ ṣe ń rìn. Ọ̀kan wà tó ki, tó ń wọ́ bọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé: èyí rọra ń rìn bíi tèmi, aṣọ tó nípọn ló sì ń bo ara nínú òtútù.

"Ṣé mọ́tò lẹ ní?" ni ọlọ́ìlì béèrè.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mímirí yá ju kí ènìyàn sọ pé òun ò mọ̀.

Ọ́ìlì mọ́tò náà kò bá bẹntiróòlù rẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, obìnrin náà sì fò lọ. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kán. Nígbà tí Rọra sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ìrora.

"Ogójì búrẹ́dì ló dùbúlẹ̀ tì mí," ló wí, "kò sí ọ̀kan tó bi mí pé ṣé mo fara pa."

Bó bá jẹ́wọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Kó tó ti kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sípánà, ó da ọ́ìlì tó kù nù. Ó wá ìgò mìíràn tó jọ ti àkọ́kọ́, ó ki ìṣó bọ iná, ó sì fa ìlà sí i lára, ìka méjì nísàlẹ̀ ibi tó yẹ kó wà. Ìgò Bàbá fúnra rẹ̀ ló ki bọ inú bàtà òjò.

Bàbá Sípánà tú ẹ́ńjìnnì náà. Ó fi ìka ra inú rẹ̀, ó mi orí. "Ó gbẹ. Ọ́ìlì ò tó o. Gbé ìgò yẹn wá."

Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú.

"Ṣé èmi ni mo fa ìlà yìí síbí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ẹnu Rọra ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ọ bí ohùn ẹlòmíràn.

Awẹ́dà, ajórinmọ́rin ṣọ́ọ̀bù kejì, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, mo ti sọ fún yín! Ẹ lọ ra ojú tuntun!"

Bàbá arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí táyà kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti mọ̀ pé ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mi ò mọ̀ pé ó ti dé ibi kó máa dá ọmọ ọlọ́mọ lápá. Awẹ́dà, wá kó àwọn irin iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ṣíwọ́."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Rọra fi ń ṣe bí adìyẹ tí òjò pa. Òun ló ń wẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, òun ló ń di bọ́tìnnì rẹ̀. Bí obìnrin náà bá ti ní "Ẹ ṣeun," ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi ata sójú egbò rẹ̀. Bó bá kọjá lọ́dọ̀ Bàbá Sípánà, yóò rí i tó ń fi aṣọ wé sípánà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wé ọmọ tuntun.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ kí Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé mo dì í sínú."

Rọra dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn díẹ̀. Nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀wù.

Awẹ́dà ti wà níbẹ̀, ó ń yẹ ìdì sípánà wò. Bí Bàbá Sípánà ṣe rí obìnrin náà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú símẹ́ǹtì tí wọ́n fi dì í nílé ìwòsàn, ó dìde, ó di tábìlì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Àgbàlagbà tó tó ẹni tó bí òbí rẹ̀! "Ọmọ mi, foríjì mí."

"Bàbá! Ẹ má ṣe é!"

Rọra ló pariwo. Kò sẹ́ni tó tí ì gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Ó yọ ìgò àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀wù, ó gbé e sórí tábìlì.

Bàbá kò gbé e sún mọ́ ojú. Àtàńpàkò ló fi wá ìlà náà, ó tọ̀ ọ́ lọ dé òpin, níbi tó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

"Ìlà mi nìyí," ló rọra wí. "Mo máa ń tẹ ìdí rẹ̀. Ta ló wá fa tọ̀hún?"

"Èmi ni. Ọ́ìlì mọ́tò ni mo rà, Bàbá. Mo wá fẹ́ kó dà bí ẹni pé..." Kò lè parí rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò béèrè lọ́wọ́ ọlọ́ìlì?"

"Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn mi."

Awẹ́dà gbé ìdì sípánà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó Rọra ń wo bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀.

"Ọwọ́ yẹn náà ni," ló wí. "Ọwọ́ yẹn lẹ fi ń wẹ̀ fún mi."

Rọra dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí gíríìsì ti sọ di dúdú. Bàbá jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń bú ojú ara mi," ni àgbà náà wí nígbẹ̀yìn. "Lóòótọ́, kò ríran bíi tàná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣe èyí." Ó fa ìdì náà sọ́dọ̀, ó tú sípánà kan. "Dìde. Lọ ra ọ́ìlì. Béèrè rẹ̀ sókè."

"Màá tẹ̀lé e," ni obìnrin náà wí. "Etí ara mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Ènìyàn márùn-ún ló wà nílé ọlọ́ìlì. Rọra wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì ni. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù ni mo fẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ẹ fi hàn mí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọlọ́ìlì na ọwọ́ sí ìgò kan, ó fi ìka tọ́ka sí àwòrán kékeré ara rẹ̀. Kò gbà ju bí ènìyàn ṣe ń ṣẹ́jú lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá ti to ẹ́ńjìnnì náà padà. Rọra na ọwọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ òsì gba ọ́ìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e kọjá lójú rẹ̀ fún Bàbá Sípánà.