Ta Ló Ń Ṣọ́ Kọ̀ǹpútà Mọ̀rìdíyà?

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Fàrúkù ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti di ti Mọ̀rìdíyà, ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe pé obìnrin náà mọ̀ ọ́n lò tó bẹ́ẹ̀. Ike ló ń tà lọ́jà Òkìtìpupa: korobá, abọ́, àti kẹ́ẹ̀gì tí àwọn elépo máa ń rà. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ló fẹ́. Kí àìsàn tó dé, Fàrúkù, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ àgbẹ̀, máa ń jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, a sì máa gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Oko ọ̀pẹ rẹ̀ ní Ìkọ̀yà ló máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí: bí wọ́n ṣe ń gbin ọ̀pẹ, bí wọ́n ṣe ń mọ ẹyìn tó pọ́n dáadáa, ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe sí igi tó bá kọ̀ tí kò so. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n Fàrúkù kì í sọ̀rọ̀ kan kó má yà sí òmíràn. Ẹ̀fẹ̀ kún inú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín kún un, orúkọ ìyàwó rẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn.

Ní báyìí, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé e dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò ti di ohun tó ń kán lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn kì í sì í ní sùúrù tí wọn yóò fi dúró gbọ́ ọ tán. Láràárọ̀, bí Mọ̀rìdíyà bá ti wẹ̀ fún un, tó gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á ṣí kọ̀ǹpútà, á sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tó múra ọjà. Òun nìkan ló mọ ohun tí ohùn yẹn ń ṣe fún un.

Ọjọ́ kan ló ṣí kọ̀ǹpútà tí ìkìlọ̀ pupa kan yọ sí igun ìsàlẹ̀. Ìkìlọ̀ náà ní áńtífáírọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọ kí fáírọ́ọ̀sì má bàa wọlé ti lo àsìkò rẹ̀ tán, àfi kó ra òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ohun tó ní wà nínú ewu. Ó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yọ. Nígbà tó di ọjà, ó mẹ́nu bà á fún Eunice, obìnrin Ìlàjẹ tó ń ta ẹja gbígbẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ìyá Dáraọlá, ẹ má fi ṣeré," ni Eunice wí. "Fílááṣì ẹlòmíràn ni ọmọ mi kì bọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ fi sọnù. Títí di òní, a ò rí ọ̀kan níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ pákó."

Ọkàn Mọ̀rìdíyà kò balẹ̀ mọ́. Ó pe Dáraọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ákùúrẹ́, ó sì rojọ́ fún un.

"Màámi, ẹ má ra nǹkan kan," ni Dáraọlá dáhùn. Ariwo àwọn aláìsàn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà nílé lásán ò nílò rẹ̀. Èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, màá pè yín padà."

Kò rí àyè pè padà lọ́jọ́ náà. Mọ̀rìdíyà mọ̀ pé iṣẹ́ ló fà á, síbẹ̀ "lásán" yẹn há a lọ́rùn bí egungun ẹja. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé ohùn bàbá ọmọ náà ni wọ́n ń pè ní lásán. Kò rántí pé òun kò tíì sọ fún Dáraọlá rí pé òun ń gbọ́ ohùn kankan. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wọn fi ìsọfúnni kan ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wọn. Wọ́n ní egbòogi kan wà tó ń jí apá tó ti rọ, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ tẹ ibi báyìí kó fi rí bí wọ́n ṣe ń sè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mọ̀rìdíyà gbé kọ̀ǹpútà wá sí pálọ̀, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ ti máa ń dára díẹ̀. Fàrúkù ń tòògbé lórí àga níbẹ̀. Ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Ojú ìwé kan ṣí, ó ní kó tún tẹ ibòmíràn. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ariwo bíi ti fèrè ọkọ̀ panápaná sì bẹ̀rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí yóò parẹ́ láìpẹ́. Má ṣe pa á. Pe nọ́ńbà yìí.

Ó pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọkùnrin tó gbé fóònù náà ní Ẹńjìníà Adéjọbí lorúkọ òun. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ọpẹ́ ni pé ẹ tètè pè. Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó sọnù?"

Bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà tipẹ́ ni Mọ̀rìdíyà ṣe dá a lóhùn. Ó sọ fún un nípa àìsàn ọkọ rẹ̀ àti ohùn tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà kẹ́dùn, ó ní ìyá tòun náà ti ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló ní kó gba áàpù kan sínú kọ̀ǹpútà, kó ka nọ́ńbà tó bá yọ fún òun, kó sì gbà fún òun láti wọlé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, ó rí i tí ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà ń rìn fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé òun fọwọ́ kàn án. Ó rìn lọ síbi tí ohùn Fàrúkù wà. Àwọn orúkọ tó tò síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ọkùnrin náà wí. "Fáírọ́ọ̀sì yẹn ló ń jẹ wọ́n lójú yín yìí. Ẹ mú káàdì báńkì yín, kí n lè fi áńtífáírọ́ọ̀sì gidi síbẹ̀ kíákíá."

Mọ̀rìdíyà sáré mú káàdì nínú àpò rẹ̀. Ó tẹ fóònù kó lè máa dún síta, kí ọwọ́ òun lè ṣófo. Kò mọ̀ pé Fàrúkù ti jí, tó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà iwájú káàdì nígbà tí ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ na wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì dé kọ̀ǹpútà náà pa. Ó fi gbogbo ara rẹ̀ tì í tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti àga fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lulẹ̀.

"Pa... fóònù," ni Fàrúkù wí.

Mọ̀rìdíyà pa fóònù, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi pa á. "Bàbá Dáraọlá, kí lẹ ṣe yẹn? Ọkùnrin yẹn fẹ́ gbà á là ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí ohùn yín parẹ́ ni?"

Fàrúkù wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ kò tètè jáde. Mọ̀rìdíyà ti fẹ́ dìde nígbà tó gbọ́ ọ.

"Ohùn mi... rèé," ló wí. Ó mí, ó tún wá èyí tó kù. "Láràárọ̀... mo ń gbọ́. O ti ilẹ̀kùn. Ò ń gbọ́... ọkùnrin yẹn. Èmi... wà níta."

Mọ̀rìdíyà jókòó padà. Ó ti rò pé ilẹ̀kùn yẹn ń bo òun ni. Kò rò ó rí pé ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ láti inú yàrá, ó sì ń gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń bá ẹ̀rín náà rẹ́rìn-ín, láràárọ̀, lójoojúmọ́. Ó di ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ mú.

Dáraọlá ni Mọ̀rìdíyà kọ́kọ́ pè. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń retí ìbáwí. Ọmọ náà kò bá a wí. Ó kọ́kọ́ pe báńkì pé kí wọ́n ti káàdì náà, lẹ́yìn náà ló padà sórí fóònù. "Èmi ni mo kù díẹ̀ káàtó, màámi," ló wí. "Ẹ bi mí ní ìbéèrè, mo fi ìdajì èsì lé yín lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Mọ̀rìdíyà fi ìborùn wé kọ̀ǹpútà náà, ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Fọláránmi, ọmọ àbúrò Eunice, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà yunifásítì. Fọláránmi já a kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó tàn án. Ó yọ áàpù àlejò yẹn dànù, ó sì yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò fínnífínní.

"Màmá, kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbí lánàá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ojú ìwé lásán ló ń pariwo yẹn. Bí ẹ bá ti pa á dé ni, ó ti tán. Ọkùnrin yẹn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa nǹkan yín rẹ́, kí ẹ̀rù lè bà yín."

"Tí mo bá ti ra áńtífáírọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Fọláránmi rò ó díẹ̀. "Ó lè dí ojú ìwé yẹn lọ́nà, ó sì lè má dí i. Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Áńtífáírọ́ọ̀sì wo ló máa lé àlejò tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ mú wọlé?" Ó rí i pé ojú Mọ̀rìdíyà rẹ̀wẹ̀sì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù. Lékìtọ́rà kan gbé irú rẹ̀ wá síbí lóṣù tó kọjá."

"Dáraọlá wá purọ́ fún mi pé èyí tó bá a wá ti tó?"

"Kò purọ́. Ó tó fún irú yín. Ṣùgbọ́n ó ń sùn ni. Èyí mìíràn tí ṣọ́ọ̀bù fi síbẹ̀ nígbà tí ẹ rà á ti parí àsìkò, síbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí mégáàdì tí a ti dá dúró, tó kọ̀ tí kò gbé àga rẹ̀ kúrò, tí kò jẹ́ kí ọlọ́dẹ ilé rí ibi jókòó. Mo ti lé e lọ. Ọlọ́dẹ ilé, èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ti jí. Ẹ kàn máa fún un ní dátà díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó lè gba àtúnṣe tuntun, ẹ má tẹ ohunkóhun tó bá ń dẹ́rù bà yín. Ohun tí ẹ bá sì fẹ́ràn jù, ẹ má fi sí ojú kan ṣoṣo."

Ó rí púpọ̀ nínú ohùn náà kó padà láti ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà sí. Àwọn kan kò padà. Mọ̀rìdíyà bi í léèrè nípa èyí tí Fàrúkù ti sọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ lọ sí Ìkọ̀yà, tí òun Mọ̀rìdíyà já sínú ẹrọ̀fọ̀ tòun ti bàtà ìgbéyàwó. Fọláránmi wá a títí, ó mi orí.

Dáraọlá wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó kó ohun tó kù sí ibi méjì mìíràn, ó mú ọ̀kan lọ l'Ákùúrẹ́. Ó kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọlọ́dẹ ilé jí tàbí ó sùn. Kò yára, bí ìyá rẹ̀ bá béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀kejì, á tún dáhùn lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó lọ tán, Mọ̀rìdíyà sọ fún Fàrúkù pé ìtàn ẹrọ̀fọ̀ kò sí mọ́. Ni Fàrúkù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan á jáde, èkejì á kọ̀. Níbi tó ti máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ó dúró, ó ń wá orúkọ odò tí wọ́n kọjá. Mọ̀rìdíyà mọ orúkọ odò náà, ṣùgbọ́n kò bá a sọ ọ́. Ó dúró títí ọkọ rẹ̀ fi rí i fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé ibi bàtà, ó fi kún un pé òun ti rí ẹrọ̀fọ̀ náà kí ìyàwó òun tó já sí i, pé òun ń wojú rẹ̀ ni òun kò fi tètè sọ̀rọ̀. Èyí kò sí nínú ti kọ̀ǹpútà. Kò sọ ọ́ fún un rí.

Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Mọ̀rìdíyà ń jókòó sí láràárọ̀. Ó ṣì ń gbọ́ ti inú kọ̀ǹpútà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló jọ ń gbọ́ ọ, Fàrúkù a sì máa mi orí sí ọkùnrin tó ń yára sọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ aláìnísùúrù ni.

Eunice ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ṣọ́ọ̀bù ike kì í tètè ṣí mọ́. Ó bi í léèrè láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ṣé kì í ṣe pé ara baálé rẹ̀ tún yí padà.

"Rárá o," ni Mọ̀rìdíyà wí, bó ṣe ń to korobá síta. "Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni. Mo ní kó parí rẹ̀ kí n tó dìde."