Òwú Kò Gbọdọ̀ Kú Kí Sátidé Tó Dé

Ehoro mẹ́ta ló wà nínú àgò ẹ̀yìnkùlé Mojísọ́lá kí ọyẹ́ ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú yìí, ó ku ẹyọ kan.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló jẹ méjì. Joshua tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ló tiná bọ igbó ẹsẹ̀ òkè lẹ́yìn ilé wọn, ó ń wá òyà. Ibẹ̀ jó kanlẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń gbé inú igbó náà kò ríbi sá sí mọ́, ló bá sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín ilé. Wáyà adìyẹ ló wà lójú àgò, ó sì fi eyín já a.

Mojísọ́lá kì í ṣe ẹni tí ń bá ẹran ṣeré. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà ní Àrámọkọ kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ẹ̀fọ̀n. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ni ehoro. Priscilla, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti wà ní ọsibítù ní Adó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló gbé e dè. Kò fẹ́ jẹun, kò fẹ́ mu oògùn, àfi tó bá gbọ́ tí Òwú, ehoro funfun rẹ̀, ń jẹun lórí fóònù. Ní agogo méje ìrọ̀lẹ́, Bùkọ́lá ìyá rẹ̀ á pè, Mojísọ́lá á fún Òwú ní ewé ọ̀dùnkún, á gbé fóònù sí i lẹ́nu. Ọmọ náà á tẹ́tí, á sì gbé oògùn mì. Dókítà ní tó bá ń jẹun bẹ́ẹ̀, Sátidé ni yóò padà sílé.

Priscilla kò tí ì gbọ́ pé àwọn méjì yòókù ti kú.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú náà, Mojísọ́lá ń kan pákó mọ́ àgò.

"Ìyá Bùkọ́lá!" Joshua pè é láti ojú ọ̀nà. "Ẹran ọbẹ̀ lẹ wá ń kọ́ ààfin fún báyìí?"

"Ìwọ tó sun odindi igbó, òyà mélòó lo rí pa?"

"Ẹyọ kan, Mà. Ó gbẹ bí igi." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá tọ́ka sí àgò. "Pákó ò lè dá a dúró o. Mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eérú láàárọ̀. Ó ti yí àgò yẹn ká. Ẹ gbé e wọ ulé."

Mojísọ́lá gbọ́ràn. Ó gbé Òwú lọ sí ilé ìdáná tó wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó fi àkísà dí gbogbo ihò ara ògiri, ó dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó dí fèrèsé, kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má baà rí ibi ki imú bọ̀. Ọyẹ́ ọjọ́ náà mú débi pé ètè ń bẹ́. Ó bu ẹyin iná sínú ìkòkò, ó gbé e sí igun kan, kí òtútù má pa ehoro. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń ṣe fún òròmọdìyẹ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ.

Nígbà tó dé ní agogo méje ku díẹ̀, tó ṣí ilẹ̀kùn, ooru gbá a lójú, orí rẹ̀ sì yí. Òwú dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kò sí èéfín kankan níbẹ̀. Èédú tó ń jó lábẹ́lẹ̀ ló ti jẹ gbogbo afẹ́fẹ́ inú yàrá. Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ní ihò lókè. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí èyí pa.

Ó gbé e sáré jáde. Ó jókòó lórí odó tó dojú dé, ó ń fi etí ìró fẹ́ ẹ. Àyà ehoro náà ṣì ń lù, ṣùgbọ́n ó jìnnà síra.

Ìgbà náà ló rí i. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà dúró létí ibi tó jó, egungun ìhà rẹ̀ yọ, ó ń wo ehoro tó wà lórí itan Mojísọ́lá. Kò ṣeé gbé ehoro padà sínú ilé ìdáná. Ilé ńlá wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì tó jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Ó na ọwọ́ sí àdá tó fi ń gé igi, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó.

"Joshua! Joshua o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Fóònù ló dún nínú àpò bùbá rẹ̀, ohùn Priscilla ló sì gbọ́.

"Màmá, ẹ gbé e sí Òwú lẹ́nu."

Mojísọ́lá wo ewé ọ̀dùnkún tó wà nílẹ̀. Ó já ọ̀kan, ó fi sí ẹnu ara rẹ̀, ó ń fi eyín iwájú rún un lẹ́bàá fóònù, díẹ̀díẹ̀, bí ehoro ṣe ń ṣe. Ewé náà korò. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ náà tẹ́tí pẹ́.

"Màmá, ẹ̀yin ni."

Mojísọ́lá tutọ́ ewé náà sílẹ̀. "Èmi ni. Àwọn méjì ti kú, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ wọ́n. Òwú ṣì ń mí, ṣùgbọ́n kò lè jẹun. Èmi ni mo ṣe é. Mo ti í mọ́ inú ilé pẹ̀lú èédú."

"Mọ́mì! Kí lẹ ń sọ fún un?" Bùkọ́lá pariwo lẹ́yìn.

Èémí Priscilla nìkan ni Mojísọ́lá ń gbọ́. Ó rò ó pé òun ti pa ọmọ náà àti Òwú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

"Ẹ gbé fóònù sí i létí," ọmọ náà wí.

Ó gbé e síbẹ̀.

"Òwú, mo fẹ́ mu oògùn tèmi báyìí. Korò-korò yẹn náà ni. Má sùn o. Má sùn."

Ìró ife kan dún lórí fóònù, ọmọ náà sì húkọ́.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mojísọ́lá gbé àdá sókè, kò dìde, nítorí kò fẹ́ kí fóònù yẹ̀ létí ehoro. Imú Òwú mì díẹ̀. Ó lè jẹ́ atẹ́gùn ọyẹ́ ló mì ín. Mojísọ́lá tẹ orí ba láti wò ó dáadáa, ó sì ń dúró kó tún mì.